Ta Ni Yóò Ra Ajagẹmọ Padà?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lẹ́nu àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́, tàbí sí ìloro lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, tí ọ̀wọ́n ọjà àti ìwà àwọn olóṣèlú sì ti sú wọn í wí, ibi tí wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ náà tì sí ni pé ìjọba àwa-ara-wa kì í ṣe ti Yorùbá. Wọn a ní Òyìnbó ni ó gbé e wá, bí ó ti gbé kóòtù àti táì wá. Wọn a ní ọba ni Yorùbá mọ̀, Kábíyèsí sì ni ọba, ẹni tí kò sí ẹni tí yóò bi í pé èé ti jẹ́. Láti orí Kábíyèsí ni wọn yóò ti fò fẹ̀rẹ̀ sí orí sọ́jà: pé ọkùnrin kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ le, tí kò gbọ́ ti lọ́yà, tí kò gbọ́ ti oníwèé ìròyìn, ni ó lè tún ilẹ̀ yìí ṣe.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ka ara wọn sí ọ̀tá àwọn wọ̀nyí. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìjọba ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Wọn a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Aristotle ará Gíríìsì, wọn a gba ọ̀dọ̀ Locke àti Montesquieu kọjá, wọn a sì gúnlẹ̀ sí ọ̀dọ̀ John Stuart Mill. Nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, wọn a fi ojú ewé kan bọlá fún Ọ̀yọ́ Mèsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jáde lábẹ́ wọn yóò mọ ohun tí Locke kọ ní 1689 nípa ọba tí ó ń fipá jọba, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní iwájú ààfin ìlú tí ó ti kàwé.

Ọ̀tá ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń pe ara wọn, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan náà ni wọ́n jọ ní, pé àlejò ni òmìnira ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ti ìṣáájú ń fẹ́ lé àlejò náà lọ, àwọn ti ìkejì ń fẹ́ tẹ́ ẹní fún un. Kò sí ẹni tí ó bojú wo ojú rẹ̀ dáadáa bóyá ọmọ ilé ni.

Ẹdẹ ni ó yẹ kí wọ́n ti wò ó. Ní ìlú yìí, bí ọdún Ọbàtálá bá kò, Ajagẹmọ, tí í ṣe olórí àwọn àwòrò òrìṣà náà, yóò jáde nínú aṣọ funfun. Àwòrò mìíràn tí ń jẹ́ Olúnwí yóò kò ó lójú. Ìjà yóò bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn, ìjà tí ó jọ ijó. Olúnwí yóò borí, yóò mú Ajagẹmọ ní ìgbèkùn, yóò sì gbé e kúrò lójú agbo. Ó di ìgbà tí Tìmì bá san owó ìràpadà kí Ajagẹmọ tó di òmìnira, kí ó tó padà sí ààfin pẹ̀lú ìlù àti ayọ̀. Ulli Beier, ará Jámánì tí ó gbé ní Ẹdẹ ní àwọn ọdún 1950, ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ọdún ìbílẹ̀ ìlú náà sínú ìwé tí ó jáde ní 1959. Ó jẹ́ ohun ìtìjú díẹ̀ pé àwọn tí wọ́n jìnnà ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ohun tí ó tó kọ sílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kà á kò ní àwíjàre pé kò sí.

Ìtàn tí ó wà nídìí eré náà kì í ṣe ìtàn àjèjì. Bí àwọn àgbà ti ń pa á, Ọbàtálá fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá ní kí ó má lọ. Ó ní òun yóò lọ. Ifá ní bí ó bá di dandan, kí ó mú aṣọ funfun àti ọṣẹ dání, ohunkóhun tí ojú rẹ̀ bá sì rí, kí ó má ráhùn. Lójú ọ̀nà, Èṣù da epo sí i láṣọ, ó sì fi èédú kùn ún. Ọbàtálá wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó súnmọ́ Ọ̀yọ́, ó rí ẹṣin Ṣàngó tí ó já sínú igbó, ó dá a mọ̀, ó sì mú un kí ó lè fà á lọ fún ẹni tí ó ni ín. Ibẹ̀ ni àwọn ìránṣẹ́ ọba ti bá a. Wọn kò bi í ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní olè ni, wọ́n lù ú, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n, ọdún méje ni ó sì lò níbẹ̀. Òjò kọ̀, kò rọ̀ mọ́. Iṣu kò ta, àwọn obìnrin kò lóyún, àwọn tí ó lóyún kò bí i dáadáa. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ dójú ẹ̀ ni Ṣàngó tó ké sí àwọn babaláwo, tí ó sì gbọ́ pé àgbàlagbà kan tí kò ṣẹ̀ ń jìyà nínú ẹ̀wọ̀n òun.

Àwọn tí ó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń yin sùúrù Ọbàtálá. Sùúrù náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ́ nípa ìjọba, Ṣàngó ni ó yẹ kí ó tẹjú mọ́. Ṣàngó kò mọ̀. Ọba tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, tí tọmọdé-tàgbà ń gbọ̀n fún, kò mọ ẹni tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n ara rẹ̀ fún ọdún méje gbáko. Ta ni ìbá sọ fún un? Àwọn ìránṣẹ́ tí wọ́n mú aláìṣẹ̀ kò ní sọ, nítorí ẹ̀bi wọn ni. Ará ìlú tí ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wọ̀n kò tó bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò dé ààfin. Ìjòyè tí ó bá fura yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, pé ẹni tí ó bá bá ọba oníná sọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n lè bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́wọ̀n náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dá ṣe dé, tí ìyàn mú, tí ọba sì ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ìbẹ̀rù tí apàṣẹwàá fi ń jọba ni ó ń fọ́ ọ lójú. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀dá ìtàn yìí mọ èyí kí Mill tó dé ayé.

Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kò ní gbà á lẹ́nu babaláwo, kí wọ́n gbà á lẹ́nu Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ Íńdíà, ẹni tí ó fi ìwádìí gbé e kalẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún pé ìyàn ńlá kì í ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tí ìbò ti ń lọ déédéé, tí oníwèé ìròyìn sì lè ké gbàjarè. Ní Ṣáínà, láàrin 1958 sí 1962, àwọn aṣojú ìjọba ní abúlé ń kọ̀wé sí òkè pé ọkà pọ̀ bí eèrùn, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n láti sọ pé kò sí. Ìjọba gba owó òde lórí ọkà tí kò sí. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ni ebi pa kú. Ìtàn Ọbàtálá náà nìyẹn, àfi pé ní tòótọ́ ni wọ́n kú.

Ọ̀rọ̀ Kábíyèsí wá ńkọ́? Oríkì ni, kì í ṣe òfin. Bí ìyá bá ki ọmọ rẹ̀ ní ẹkùn, ẹnikẹ́ni kò ní ti ìdí èyí gbé ẹran tútù síwájú ọmọ náà. Ní Ọ̀yọ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fi ń ṣe àpẹẹrẹ, ìjòyè méje tí í ṣe Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni wọ́n ń yan Aláàfin. Bí ìwà ọba bá sì kọjá ààlà, wọn a fi igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, òun náà a sì mọ ohun tí ó kù. Samuel Johnson kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí ó sì jáde ní 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kí ní Kábíyèsí ní òwúrọ̀ lè gba igbá òfìfo kí alẹ́ tó lẹ́. Ní Ẹdẹ pàápàá, onílù ààfin, tí Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè tí ó wà lórí oyè láti 1946 sí 1975 mọyì iṣẹ́ wọn débi pé òun náà ń lu ìlù, a máa fi oríkì àwọn tí ó ti jẹ kọjá lọ jí ọba. Ọba tí ó bá ń gbọ́ orúkọ òkú ọba ní òwúrọ̀ kò lè gbàgbé pé àwọn kan ti jókòó síbẹ̀ rí.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ìhà kejì ṣubú, kí ó máa sọ pé Párádísè ni Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ẹrú kò lẹ́nu níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó sì yẹ kí ó dá ọba lẹ́kun ni ó bí Baṣọ̀run Gáà, tí ó gba agbára ní nǹkan bí 1754, tí ó rí ẹ̀yìn ọba mẹ́rin, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì pín ilẹ̀ ọba bí ẹran ọdún, títí Aláàfin Abíọ́dún fi rẹ́yìn rẹ̀ ní 1774. Ọ̀yọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dá Aláàfin dúró; kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tí ó dá Aláàfin dúró dúró. Àbùkù gidi ni èyí, ó sì tó kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sáà kan gbáko ro ó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ọkùnrin alágbára tún yẹ kí ó rántí bí Ẹdẹ ṣe wà. Nínú ìtàn tí Dúró Ládiípọ̀ sọ di eré ní 1963, tí ó pè ní Ọba Kò So, ẹ̀rù Tìmì alágbára ni ó ba Ṣàngó tí ó fi rán an lọ sí Ẹdẹ ní ẹnubodè, kí ó lè jìnnà sí ìtẹ́. Nígbà tí Tìmì gbilẹ̀ ní ibẹ̀, Ṣàngó rán Gbọ̀nkáà láti lọ mú un. Ó dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì, ó rò pé ẹni kan yóò pa ẹnì kejì, kí òun lè sinmi. Ẹni tí ó ṣẹ́kù ni ó lé e kúrò lórí oyè. Ìlú tí ìbẹ̀rù apàṣẹwàá tẹ̀ dó ni Ẹdẹ, ìtàn ìṣubú apàṣẹwàá náà sì ni wọ́n fi ń kí i.

Àwọn tí wọ́n ní Òyìnbó ni ó fi òfin òmìnira ta Yorùbá lọ́rẹ, kí àwọn náà lọ ka ẹjọ́ Elékòó Èṣùgbàyí. Ní 1925 ìjọba amúnisìn yọ Èṣùgbàyí, ọba Èkó, lóyè, wọ́n sì fipá gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, ìlú kan náà tí ìtàn sọ pé Ọbàtálá ti jìyà. Kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó dá a lẹ́bi. Ìwé àṣẹ gómìnà ti tó. Ọdún mẹ́fà ni ó lò nílẹ̀ àjèjì. Ní gbogbo ìgbà náà, àwọn ènìyàn Èkó kò sinmi. Herbert Macaulay ń kọ̀wé, ó ń pe ìpàdé. Ní 1928 wọ́n sọ òun náà sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn lórí ọ̀rọ̀ Elékòó. Àwọn agbẹjọ́rò gbé ẹjọ́ náà láti ọ̀dọ̀ adájọ́ kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn títí ó fi dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931 Lord Atkin ka ìdájọ́ wọn pé aláṣẹ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òmìnira ènìyàn, àyàfi bí ó bá lè fi hàn níwájú adájọ́ pé òfin fún un láyè. Ọdún náà ni Èṣùgbàyí padà sí Èkó.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ẹjọ́ yìí, kò sì sí èyí tí ó bá ti àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì mu. Òyìnbó tí ó ní òfin náà ní ilé rẹ̀ ni ó kọ̀ láti lò ó ní Èkó: ẹni tí ó ń fi Mill kọ́ni kí ó má gbàgbé pé Mill fúnra rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣàkóso Íńdíà, ó sì kọ ọ́ kedere pé ìjọba àpàṣẹwàá tọ́ sí àwọn tí ó pè ní aláìlajú. Àwọn ará Èkó tí kò ka Mill ni wọ́n sì fi agídí àti owó àpò ara wọn fa òfin náà yọ. Ìbéèrè tí wọ́n gbé dé Lọ́ńdọ̀nù kò yàtọ̀ sí èyí tí ó yẹ kí ìránṣẹ́ Ṣàngó bi lọ́jọ́ tí wọ́n rí àgbàlagbà pẹ̀lú ẹṣin: kí ni ọkùnrin yìí ṣe, ta ni ó sì rí i?

Nígbà tí àwọn sọ́jà dé, ìbéèrè yìí ni wọ́n kọ́kọ́ pa lẹ́nu mọ́. Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá 1983 ni wọ́n gba ìjọba. Òfin Kejì ti ọdún 1984 fún wọn láyè láti ti ènìyàn mọ́lé láìdé kóòtù. Òfin Kẹrin ọdún náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ ohun tí ó bá sọ àwọn aláṣẹ di ẹni yẹ̀yẹ́, ìbáà ṣe òtítọ́. Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn méjì, gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún kan kan nítorí rẹ̀. Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, gómìnà Oǹdó nígbà kan, fojú ba ilé-ẹjọ́ tí àwọn sọ́jà fúnra wọn gbé kalẹ̀. Ilé-ẹjọ́ náà ní kò jẹ̀bi. Wọn kò tú u sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń sọ lónìí pé àsìkò náà ni ìbáwí wà nílẹ̀ yìí, tí ènìyàn ń tò sórí ìlà ní ibùdókọ̀, kí wọ́n ṣàlàyé irú ìbáwí tí ó wà nínú kí adájọ́ sọ pé “máa lọ sílé rẹ” kí wọ́n sì tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni náà.

Ti 1993 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Oṣù Kìíní 1992 ni Ìsíákà Adélékè, ọmọ Ẹdẹ, di gómìnà àkọ́kọ́ tí àwọn ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ìbò yàn. Ní Oṣù Kọkànlá 1993, Abacha gba ìjọba, ó sì lé gbogbo àwọn tí aráyé dìbò yàn kúrò. Ẹnikẹ́ni kò bi ará Ẹdẹ kan léèrè. M. K. O. Abíọ́lá, tí ìbò ọjọ́ 12 Oṣù Kẹfà 1993 gbé wọlé kí Babangida tó fagi lé e, di ẹni àtìmọ́lé ní Oṣù Kẹfà 1994, inú àhámọ́ náà ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 7 Oṣù Keje 1998. Ọdún mẹ́rin ni ó fi jẹ́ Ajagẹmọ ní ọwọ́ Olúnwí, kò sì sí ọba kan ní ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jíire tí ó rí owó ìràpadà san. Àwọn mìíràn tilẹ̀ lọ kí Olúnwí ní Àbújá.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì bí nígbà náà ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn sọ́jà ilẹ̀ òkèèrè. Mali ní 2020, Guinea ní 2021, Burkina Faso ní 2022, Nìjẹ̀ ní 2023: bí ìròyìn kọ̀ọ̀kan ti ń dé ni inú wọn ń dùn pé àwọn kan ti lé Faransé lọ. Pé Faransé ṣàṣejù kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni ó tẹ̀lé e? Ní Burkina Faso ní 2024, wọ́n fi ìwé pe àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tí wọn kò ṣe ohun tí aláṣẹ fẹ́ pé kí wọ́n wá gbé ìbọn lọ sójú ogun. Ní Mali ní Oṣù Karùn-ún 2025, wọ́n tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká pátápátá. Ààbò ni wọ́n sọ pé àwọn tìtorí rẹ̀ dé. Kí ọdún 2025 tó parí, àwọn ọlọ́tẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ epo tí ń lọ sí Bàmákò, àwọn ará ìlú sì ń sùn sí ilé epo. Ta ni ó lè wí fún aláṣẹ náà pé ọ̀nà tí ó gbà kò dára, nígbà tí ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ yóò gba ìbọn?

Nísinsìnyí, kí a fún àwọn tí wọ́n kórìíra ìjọba àwa-ara-wa ní ohun tí í ṣe tiwọn. Wọ́n ní òmìnira kì í ṣe oúnjẹ. Òótọ́ ni. Wọ́n ní ìbò ti di ọjà, òótọ́ ni pẹ̀lú. “Dìbò kí o sebẹ̀” ni orúkọ tí àwọn ènìyàn fún un ní 2018, nígbà tí owó ń tọwọ́ bọ ọwọ́ ní ibùdó ìdìbò, obìnrin tí ó ní ọmọ mẹ́rin nílé yóò sì gba ẹgbẹ̀rún mélòó kan náà kí ó tó rántí Locke. Àwọn ọ̀mọ̀wé òmìnira ń kọ́ni bí ẹni pé olúkúlùkù dá dúró pẹ̀lú ọgbọ́n orí rẹ̀ níwájú àpótí ìbò, kò sí ẹbí, kò sí baálé, kò sí gbèsè, kò sí ebi. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò sí ní Ẹdẹ. Ó ṣòro láti rí i ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá.

Síbẹ̀, kí wọ́n wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ṣun. Ní ọjọ́ 22 Oṣù Kẹsàn-án 2018, Adémọ́lá Adélékè, ọmọ Ẹdẹ, ní ìbò 254,698. Gbóyèga Oyètọ́lá ní 254,345. Ìbò 353 ni ó wà láàrin wọn. Wọ́n ní ìbò náà kò tíì parí, wọ́n tún un dì ní ibùdó méje, Oyètọ́lá sì wọlé pẹ̀lú ìbò 482. Ẹjọ́ lọ títí dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù. Ní 2022 wọ́n tún dìbò, Adélékè ní 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Ilé-ẹjọ́ ìbò fagi lé e ní Oṣù Kìíní 2023, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a padà, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù sì fọwọ́ sí i ní Oṣù Karùn-ún. Ẹni tí ó bá ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ yóò bínú sí ìdájọ́ kan tàbí òmíràn nínú wọn, kò sì burú kí ó bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pàdánù ní 2018 rí àyè gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, ó sì tún rí àyè díje. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn kan náà tí wọ́n gba owó ìsebẹ̀ láyè láti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kí àwọn olólùfẹ́ sọ́jà tọ́ka sí ọdún tí Abacha fún ẹnikẹ́ni láyè ẹ̀ẹ̀kejì.

Ibi tí ìjọba àwa-ara-wa ti kùnà jù lọ kò sí ní ibùdó ìdìbò. Ó wà ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Ìwé òfin ọdún 1999, ní ìsọ̀rí 35, sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ láàrin ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàrin 40 kìlómítà. Láti Ẹdẹ dé Òṣogbo kò tó ìdajì èyí, kóòtù sì wà ní Ẹdẹ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, nínú àwọn tí ó kún ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, ó ju ìdajì lọ tí adájọ́ kankan kò tíì dá lẹ́bi. Wọ́n ń retí ọjọ́ ẹjọ́, àwọn mìíràn ti retí rẹ̀ fún iye ọdún tí Ọbàtálá fi wà ní Ọ̀yọ́. Àkọlé wà lára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Abẹ́ àkọlé náà ni ìyá yóò ti tú owó etí aṣọ rẹ̀ kí wọ́n tó tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní iwájú ààfin Tìmì, aláṣẹ ni ó ń san owó ìràpadà. Ní ibi yìí, ẹbí ẹni tí wọ́n mú ni ó ń san án fún aláṣẹ.

Àṣà Ẹdẹ náà ní àbùkù tirẹ̀, kò sì yẹ kí àwọn olùfẹ́ àṣà fi pamọ́. Inú rere ọba ni ìràpadà Ajagẹmọ dúró lé. Bí Tìmì bá lahùn lọ́dún kan ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé òun gan-an ni ó rán Olúnwí ńkọ́? Ìlú náà mọ ìbéèrè yìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Tìmì Àbíbù Lágúnjú, Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí ó jọba ní Ẹdẹ, fẹ́ fi òfin Ṣàríà ṣe ìdájọ́ ní ìlú tí Ajagẹmọ wà, tí àwọn oníṣàngó wà, tí olúkúlùkù sì ní ohun tí ó ń bọ. Aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì mú un lọ sí Ìbàdàn tí ó ń ṣe olórí Ẹdẹ nígbà náà. Ẹni tí ń ra ìgbèkùn padà wá di ìgbèkùn, kò sì sí ìlànà kan nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ohun tí Èṣùgbàyí rí ní 1931 tí Lágúnjú kò rí nìyí: ọ̀nà kan tí kò dúró lórí bóyá inú aláṣẹ yọ́ tàbí kò yọ́, tí ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ lè gbà lọ bá adájọ́, tí aláṣẹ náà yóò sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí ó fi ti ènìyàn mọ́lé. Ọ̀nà náà kò ta ko ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọdún Ọbàtálá. Ó ń parí rẹ̀ ni.

Nítorí náà, kí àwọn tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìjọba kó àwọn ọmọ wọn jáde kúrò ní kíláàsì. Bí ọdún Ọbàtálá bá kò, kí wọ́n dúró sí iwájú ààfin Tìmì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ta ni ó mú ta, ta ni ó san owó, níṣojú ta ni ó sì ti san án. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n lọ jókòó sí kóòtù májísíréètì tí ó wà nínú ìlú kan náà, kí wọ́n sì ka iye ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n mú jáde níbẹ̀ ti lò kí adájọ́ tó rí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá ṣí Locke.